Táńkì Afẹ́fẹ́ fún Ọkọ̀ Alábáàgì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà, Báwo Ló Sì Ṣe Yẹ Kó Tóbi Tó?

Ní ìdájí ọjọ́ kan lásìkò máńgòrò, awakọ̀ píkáàpù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ogbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó máńgòrò lọ sí Ìbàdàn, kó sì kó ẹrù ọlọ́jà bọ̀. Ó gbé táńkì afẹ́fẹ́ méjì sọ̀kalẹ̀ látẹ̀yìn ọkọ̀, irú èyí tó ń tọ́jú afẹ́fẹ́ fún báàgì rọ́bà tó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè bí ẹrù bá wúwo. Ọ̀kan gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apá àgbàlagbà. Èkejì kúkúrú, kò ju kéégì kékeré lọ. Kò tíì sanwó wọn, ẹni tó ń tà á ló ní kó gbé wọn lọ fi han rẹ́wáyà rẹ̀ ná.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń gbé ìdí ọkọ̀ yín sókè kí ẹ tó dé Ìbàdàn?"

Ó wò mí ná. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka: ẹ̀ẹ̀kan tó bá di ẹrù tán, bóyá kó tún fi díẹ̀ kún un ní Ọ̀yọ́ bí ó bá rí i pé ìdí ọkọ̀ ti rọ̀. Tó bá já ẹrù tán, á tú afẹ́fẹ́ dànù. "Kò ju ẹ̀ẹ̀méjì lọ, Ọ̀gá."

"Ẹ dá èyí ńlá padà. Èyí kékeré tó yín."

Kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́, torí gbogbo ènìyàn ló gbà pé táńkì tó tóbi ló dára. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún un lórí páálí, ìṣirò yẹn náà ni mo fẹ́ ṣe fún yín níbí. Ẹ má fi ojú ra táńkì. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ máa ń gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ tó béèrè iye gálọ́ọ̀nù.

Àmù ni táńkì, kì í ṣe kànga

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ṣe àpèjúwe. Kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ni ọmọ tó ń lọ pọn omi. Táńkì ni àmù tó ń rọ ọ́n sí. Báàgì rọ́bà tó wà lábẹ́ ọkọ̀, èyí tó ń wú tó sì ń gbé ọkọ̀ dúró ní ipò sípíríǹgì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ni ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Bí àmù bá tóbi, ìyẹn ò ní kí ọmọ tó ń pọn omi yára sí i. Iṣẹ́ àmù ni pé bí àlejò mẹ́wàá bá yọ lójijì, omi ti wà nílẹ̀, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rán ọmọ lọ sódò.

Bí táńkì ṣe rí nìyẹn. Ó wà fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè kíákíá, tàbí tó gbọ́dọ̀ gòkè lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó lè dúró kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ máa fọn afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, táńkì kékeré tó o. Ẹlòmíì ò tilẹ̀ nílò rẹ̀ rárá.

Ṣé ẹ tilẹ̀ nílò táńkì?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ẹ fi wọ́n wé ara wọn kí ẹ tó náwó.

Èkínní ni báàgì ìrànlọ́wọ́ méjì lẹ́yìn, èyí tó ń ran sípíríǹgì lọ́wọ́, tí a fa ẹnu fáàfù wọn jáde bíi ti táyà. Bí ẹ bá di ẹrù tán, ẹ ya ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ẹ ní kó fún un ní afẹ́fẹ́ bó ṣe ń fún táyà, ẹ wo gééjì, ó parí. Kò sí wáyà, kò sí táńkì, kò sí ohun tó ń jò ju báàgì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń di ẹrù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ibí ni kó dúró sí. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó iṣẹ́ kékeré ni mo máa gbà níbẹ̀.

Èkejì ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré tó so mọ́ báàgì tààrà, láìsí táńkì. Ẹ tẹ súwíìṣì, ẹ dúró, ọkọ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó dára fún ẹrù tí ìwọ̀n rẹ̀ ń yí padà, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi kún un ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ìyẹn sì ń jẹ ẹ́ lára.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀mpírẹ́sọ̀, táńkì, súwíìṣì tó ń tan kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó sì ń pa á fúnra rẹ̀, àti fáàfù tí ẹ fi ń darí afẹ́fẹ́ sí báàgì. Èyí ni tàwọn tí báàgì nìkan gbé ọkọ̀ wọn dúró ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò sí sípíríǹgì mọ́, àti tàwọn tó ń já ẹrù tí wọ́n sì ń dì í láti ọjà kan dé òmíràn lójúmọ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí mo ní láti tẹnu mọ́ níbí. Báàgì kì í fi kún ẹrù tí ilé iṣẹ́ sọ pé ọkọ̀ yín lè gbé. Ó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè ni, kò sọ ẹ́síìlì, bíréèkì àti táyà di alágbára. Mo ti rí awakọ̀ tó ní, "Ó ti gòkè, ẹ di ogún àpò sí i." Ọkọ̀ tó gbé orí sókè dáadáa lè ti wúwo ju ohun tí bíréèkì rẹ̀ lè dá dúró lọ.

Ìṣirò orí páálí

Òfin tí Robert Boyle kọ sílẹ̀ ní 1662 ló wà nídìí rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá ti inú ibi kékeré bọ́ sí ibi ńlá, agbára tó fi ń ti ara rẹ̀ á dín kù. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni iye PSI (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, bí èyí tí gééjì táyà ń fi hàn) tí táńkì á pàdánù bí báàgì bá mu nínú rẹ̀.

Ẹ mú iye lítà tí báàgì gbà nígbà tó bá wú. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye báàgì. Ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po iye PSI tí ẹ fẹ́ fi kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdá mẹ́rin iye yẹn kún un, torí báàgì máa ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń gòkè, àyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀ yẹn náà ń mu afẹ́fẹ́. Iye tó bá jáde, ẹ fi lítà táńkì pín in. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni PSI tí táńkì máa pàdánù. Kì í ṣe ìṣirò ẹlẹ́rọ tó péye dé ìdí, àmọ́ kì í ṣi ẹni lọ́nà ní ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi ti awakọ̀ máńgòrò ṣe é. Báàgì ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba bíi lítà 2. Ó fẹ́ gbé wọn láti 10 PSI dé 60. Lítà 2, báàgì 2, PSI 50: ó di 200. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 50, ó di 250. Táńkì kékeré tó gbé wá jẹ́ gálọ́ọ̀nù 1, ìyẹn lítà 3.8. 250 tí a fi 3.8 pín jẹ́ nǹkan bíi 66. Bí táńkì bá kún ní 150 PSI, á bọ́ sí 84 lẹ́yìn tó bá gbé ìdí ọkọ̀ náà sókè. 84 ṣì ju 60 lọ, nítorí náà iṣẹ́ ti parí. Láti ibẹ̀ dé Ọ̀yọ́, nǹkan bíi kìlómítà 50, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ní àyè tó pọ̀ láti rọ ọ́n kún padà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí gálọ́ọ̀nù yìí. Gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ táńkì tó ń wọlé, lítà 3.8 ni, kì í ṣe kéégì lítà 5 tí àwa náà ń pè ní gálọ́ọ̀nù níbí. Ẹni tó bá ṣi èyí mú, gbogbo ìṣirò rẹ̀ á wọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le. Ká ní jíìpù kan dúró lórí báàgì nìkan, ó fẹ́ gbé báàgì ẹ̀yìn méjì tó gba lítà 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 20 PSI dé 70. Lítà 5, báàgì 2, PSI 50: ó di 500. Pẹ̀lú ìdá mẹ́rin rẹ̀, 625. Ibi tí ìyàtọ̀ táńkì ti hàn nìyí. Mo gbà pé táńkì tó bá ti wá sísàlẹ̀ 80 kò wúlò fún un mọ́, torí afẹ́fẹ́ kì í fi agbára sáré bí táńkì àti báàgì bá ti fẹ́ dọ́gba.

| Táńkì | Lítà | Ó bẹ̀rẹ̀ ní | Lẹ́yìn ìgbé kan | Iye ìgbé |
|---|---|---|---|---|
| Gálọ́ọ̀nù 1 | 3.8 | 150 PSI | kò tó | 0 |
| Gálọ́ọ̀nù 2.5 | 9.5 | 150 PSI | 84 | 1 |
| Gálọ́ọ̀nù 3 | 11.4 | 150 PSI | 95 | 1 |
| Gálọ́ọ̀nù 3 | 11.4 | 200 PSI | 145 | 2 |
| Gálọ́ọ̀nù 5 | 19 | 150 PSI | 117 | 2 |
| Gálọ́ọ̀nù 5 | 19 | 200 PSI | 167 | 3 |

Ẹ wo ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún dáadáa. Táńkì gálọ́ọ̀nù 3 ní 200 PSI ń ṣe iṣẹ́ tí gálọ́ọ̀nù 5 ń ṣe ní 150. Ẹni tí àyè abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ há lè fi agbára afẹ́fẹ́ rọ́pò títóbi.

150 tàbí 200?

Síbẹ̀, èmi kì í sáré lọ sí 200. Ohun gbogbo lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ yẹn, níbù (irin kékeré tó ń so họ́ọ̀sì pọ̀), họ́ọ̀sì, fáàfù, táńkì fúnra rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún un. Níbù tí kò jò ní 150 lè máa súfèé ní 200. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ pẹ̀lú, PSI 50 tó kẹ́yìn ló ń gbóná fún jù. Nínú oòrùn wa yìí, tí abẹ́ ọkọ̀ ti gbóná kí ẹ tó tan nǹkan kan, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń sáré lé 200 kì í pẹ́ rẹ̀.

Bákan náà ni ti báàgì. Ọ̀pọ̀ báàgì ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n kọ 100 PSI sí lára gẹ́gẹ́ bí òpin. Bí ọwọ́ yín bá pẹ́ lórí súwíìṣì, táńkì tó wà ní 200 á ti ti báàgì kọjá òpin yẹn kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ẹrù, tí àyè sì wà lábẹ́ rẹ̀, gálọ́ọ̀nù 5 ní 150 ni mo máa ń dì. Bó bá jẹ́ jíìpù tí àyè rẹ̀ há, tí olówó rẹ̀ sì ṣe tán láti ra kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó lágbára, mo lè lọ sí gálọ́ọ̀nù 3 ní 200.

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo di táńkì gálọ́ọ̀nù 5 mọ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń fún táyà ní afẹ́fẹ́. Oníbàárà ló fẹ́ kí owó mọ níwọ̀n, èmi náà sì gbà. Ní oṣù kejì, ó pè mí láti Ìlọrin pé nǹkan ń rùn bí rọ́bà tó ń jóná. Nígbà tí mo débẹ̀, wáyà inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ̀bi mi ni, mo sì ra òmíràn fún un látinú àpò ara mi. Ìṣirò tí n kò ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyí.

Ẹ mú lítà táńkì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po PSI, ẹ fi 15 pín in. Iye lítà afẹ́fẹ́ ojú òfurufú tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ fà wọlé láti òfìfo nìyẹn. Táńkì lítà 19 ní 150 PSI: 2850, ẹ fi 15 pín in, lítà 190. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fọn lítà 30 ní ìṣẹ́jú kan á kún un láàárín ìṣẹ́jú 6 sí 7. Èyí tó ń fọn 12, ìṣẹ́jú 16. Iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sì rèé, ìgbà tí kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni. Bí táńkì ṣe ń kún ni iye yẹn ń wálẹ̀, torí náà ẹ fi nǹkan kún ìṣẹ́jú yẹn.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, ìṣẹ́jú mélòó ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ lè ṣiṣẹ́ kó tó ní láti sinmi? Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá kọ 33, ó túmọ̀ sí pé nínú ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú 10 ló lè fi ṣiṣẹ́, kó fi 20 sinmi. Èyí tí wọ́n kọ 100 sí lè máa ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yẹn, torí 100 PSI ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe 150 tàbí 200. Ẹni tó bá ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ onísinmi púpọ̀, kó ra táńkì kékeré. Táńkì ńlá ò ní ràn án lọ́wọ́, ṣe ló máa pa á.

Ẹ má gbàgbé bátìrì. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó lágbára ń fa iná púpọ̀. Wáyà tó nípọn, fíùsì tó bá a mu, àti rílé (èyí tó ń gba iná ńlá kọjá dípò súwíìṣì) ni. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó rọ táńkì kún láti òfìfo.

Irin, alumíníọ̀mù, sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì

Ibí ò gùn. Irin ló pọ̀ jù lọ́jà tí owó rẹ̀ sì rọ̀ jù, ó lágbára, àmọ́ ó wúwo, inú ló sì ti ń dípẹtà. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, bí wọ́n bá jọ tóbi tí wọ́n sì jọ nípọn, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta ti irin. Kì í yọ ìpẹtà pupa. Ojú tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló rọ̀, ọmọ iṣẹ́ tó bá fi gbogbo agbára yí sípánà á bó o lẹ́ẹ̀kan. Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì dára, ó sì gbówó lórí. Fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ owó ní ọ̀nà oko, irin tí a ń da omi rẹ̀ déédéé tó. Fún jíìpù, bí agbára bá wà, alumíníọ̀mù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ẹnu ara táńkì. Ọ̀kan fún kọ̀mpírẹ́sọ̀, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tó ń jáde, ọ̀kan fún gééjì àti súwíìṣì, ọ̀kan fún fáàfù ààbò, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún omi. Márùn-ún nìyẹn. Táńkì tó ní ẹnu mẹ́ta á mú kí ẹ máa fi níbù lé níbù, gbogbo ìsopọ̀ kan tó bá sì lé ni ibi tuntun tó lè jò. Nítorí èyí náà ni n kì í fẹ́ràn táńkì kékeré méjì ní ipò ńlá kan, àfi tí abẹ́ ọkọ̀ bá kọ̀ jálẹ̀.

Omi tó ń bẹ nínú afẹ́fẹ́

Èyí ló ká mi lára jù, torí ó ń ba nǹkan jẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Ní ìgbà òjò wa, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin. Ní ooru 30 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, lítà 1000 afẹ́fẹ́ lè gbé omi tó tó gíráàmù 30. Bí a bá fún lítà 190 rẹ̀ pọ̀ sínú táńkì lítà 19, omi ò ní ráyè wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn mọ́, á kán sísàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan tí a bá rọ táńkì kún láti òfìfo, omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ṣíbí tíì kan ló máa kù nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìṣirò rẹ̀.

Nígbà kan, bọ́ọ̀sì kékeré kan wọlé wá pé báàgì ẹ̀yìn kò gòkè mọ́. Mo rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀, mo sì tú ẹnu kan nísàlẹ̀ táńkì. Dípò kí afẹ́fẹ́ fọn jáde, omi ló tú jáde, ó pọ́n bí àgbo, ó nípọn, ó ń rùn bí irin àti epo. Ó kún agolo mílíìkì kan, ó tún ń kán. Nígbà tí mo tú fáàfù báàgì, ẹ̀rún ìpẹtà pupa ti há sínú rẹ̀ bí gaàrí tó há sí eyín. Táńkì tí wọ́n rò pé ó jẹ́ gálọ́ọ̀nù 3 ti ń lo apá kan ara rẹ̀ fi gbé omi. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n ti dì í, wọn ò sì tú tápù omi rẹ̀ rí. Ẹni tó dì í gbé tápù náà kọjú sókè!

Nítorí náà, tápù gbọ́dọ̀ wà ní ibi tó rẹlẹ̀ jù lára táńkì. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju táńkì lọ kí omi má baà padà sínú rẹ̀, fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Họ́ọ̀sì tó ti ara kọ̀mpírẹ́sọ̀ jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè gba ooru, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ gbóná. Lásìkò òjò, ẹ tú omi lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, àmọ́ ìgbà yẹn ni ẹ gbọ́dọ̀ yẹ fílítà kọ̀mpírẹ́sọ̀ wò, torí eruku.

Tuntun, tòkunbọ̀, àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò

Ní Gate ní Ìbàdàn àti Ládìpọ̀ ní Èkó, ẹ lè rí táńkì bíréèkì tí wọ́n tú lára tirélà ilẹ̀ Yúróòpù. Èyí kì í ṣe nǹkan burúkú tó bá ṣì mọ́, torí wọ́n ṣe é fún afẹ́fẹ́ ní tòótọ́. Ẹ wá páálí irin tó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí EN 286-2, ìlànà Yúróòpù fún táńkì afẹ́fẹ́ ara ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ wo iye bar. Bar 1 jẹ́ 14.5 PSI, torí náà táńkì tí wọ́n kọ bar 10 sí jẹ́ ti 145 PSI. Ẹ ò gbọ́dọ̀ so ó mọ́ súwíìṣì tó ń pa kọ̀mpírẹ́sọ̀ ní 150, ká má tíì sọ 200. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ láti ẹnu tó fẹ̀ jù. Bí ìpẹtà bá ti ń bó bí èèpo igi, ẹ fi sílẹ̀. Bí páálí irin bá ti ṣí kúrò, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú, bó ti wù kó mọ́ tó.

Sílíńdà gáàsì fìríìjì àti ti ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń sọ nù, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ di táńkì afẹ́fẹ́. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọn ò ṣe é kí a tún un kún, inú rẹ̀ á dípẹtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ọjọ́ tó bá sì bẹ́, kì í jò, ṣe ló máa fò. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kan táńkì afẹ́fẹ́ èyíkéyìí láti fi ìkọ́ tàbí ẹnu tuntun sí i. Okùn irin ni a fi ń di táńkì mọ́ ṣáàsí, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ rẹ̀, jìnnà sí sàléńsà àti ibi tí táyà ti ń ju òkúta.

Ẹ̀yin onílọ́rì tí ọkọ̀ yín ń lo bíréèkì afẹ́fẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé họ́ọ̀sì bíréèkì láti fa afẹ́fẹ́ báàgì. Afẹ́fẹ́ báàgì gbọ́dọ̀ gba ojú fáàfù ààbò tó ń tì í pa bí ti bíréèkì bá ń lọ sílẹ̀. Báàgì kan tó bẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba bíréèkì lọ́wọ́ yín lójú títì Ọ̀yọ́ yẹn, níbi tí tirélà ti ń tẹ̀ lé ara wọn nírù.

Bí mo bá ní kí n yàn fún yín

Píkáàpù tàbí bọ́ọ̀sì onísípíríǹgì tó ní báàgì ìrànlọ́wọ́ méjì, tó ń lọ Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́: gálọ́ọ̀nù 1, 150 PSI, kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré. Bó bá jẹ́ èyí tó ń ti oko Ìkòyí-Ilé bọ̀, tó ń dì tó ń já láti abúlé dé abúlé, ẹ gbé e lọ sí 2.5. Ní tirẹ̀, ìgbé kan kò ní mú ju PSI 26 lọ, ẹ ó rí ìgbé méjì gbà kí ó tó bọ́ sísàlẹ̀ 80.

Jíìpù tó dúró lórí báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: gálọ́ọ̀nù 5 ní 150, tàbí 3 ní 200 bí àyè bá há, pẹ̀lú kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ pípẹ́. Bó bá jẹ́ báàgì tó ti ilé iṣẹ́ wá ni, bíi ti Mercedes tó ní Airmatic tàbí Range Rover, ẹ má fi táńkì ọjà kún un. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti mọ ohun tó ń retí. Ẹ wá ibi tó ń jò.

Bí ẹ bá dì í tán lálẹ́, ẹ rọ táńkì kún, ẹ pa ọkọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà gééjì sí ẹ̀yìn ọwọ́. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan iná, ẹ tún un wò. Ó lè dín díẹ̀ nítorí òtútù òru, ìyẹn kò burú. Bó bá ti fi PSI 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀, ẹ po ọṣẹ sínú omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí gbogbo níbù ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í. Ibi tó bá ń hó ni kí ẹ tú.